Ẹṣin mi ti wọ bàtà irin pẹ́, mo fẹ́ yọ ọ́: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáÀdùkẹ́ (Kent)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin, tilé tòkè òkun. Mo ní abo ẹṣin kan, cob ti Ireland (irú ẹṣin tó nípọn, tó sì lágbára), ọmọ ọdún 14. Àdùkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Kí n tó rà á ló ti ń wọ bàtà irin lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mi ò sì fìgbà kan rò pé ó lè rìn láìsí i.

Nígbà tí alágbẹ̀dẹ wa wá kẹ́yìn, ó pè mí sún mọ́ ọn. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákò iwájú ọ̀tún, níbi tí ìṣó ń gbà jáde. Ibẹ̀ ti ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ihò ìṣó tuntun ti wọ inú ihò ti tẹ́lẹ̀, ó ní ibi tí òun máa rí kan ìṣó mọ́ ti ń tán lọ. Ó tún gbé ẹsẹ̀ náà sókè kí n wo abẹ́ rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti fún pọ̀, frog rẹ̀, èyí rírọ̀ onígun mẹ́ta tó wà láàárín àtẹ́lẹsẹ̀, ti kéré jọjọ, ó sì ń rùn díẹ̀.

A kì í lọ sí ìdíje kankan. Ọ̀nà abúlé la máa ń rìn, títì ọlọ́dà díẹ̀, inú igbó díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Kent níbí, òkúta flint olójú mímú ló kún ọ̀nà. Ṣé ẹṣin tó ti wọ irin tó báyìí ṣì lè rìn lẹ́sẹ̀ lásán? Kí ni kí n ṣe kí wọ́n tó yọ ọ́? Yóò ti pẹ́ tó kó tó mọ́ ọn lára? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún mi. Mi ò fẹ́ kí ó jẹ̀rora.

Alágbẹ̀dẹ Yorkshire

Ẹ kú àárọ̀, Mà. Iṣẹ́ kíkan bàtà ẹṣin ni mò ń ṣe, orúkọ mi wà nínú ìwé Farriers Registration Council, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Irin ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ òótọ́ ni màá sọ: púpọ̀ nínú àwọn ẹṣin tí wọ́n ń wọ irin yìí lè ṣe é láìsí i. Àwọn kan wà tó nílò rẹ̀ gan-an. Ó kù kí a mọ èyí tí Àdùkẹ́ jẹ́.

Pátákò kì í ṣe òkú nǹkan. Bí ẹṣin bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń fẹ̀ díẹ̀. Bó bá gbé e, á sún padà. Gìgísẹ̀ àti frog ló yẹ kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, nítorí lókè wọn nínú ni tìmùtìmù kan wà tó ń gba agbára ìkanlẹ̀ náà sára kó má bàa lọ gún egungun. Bí irin bá wà lábẹ́ rẹ̀, etí pátákò nìkan ló ń ru ẹrù, frog sì máa ń gbé lókè ilẹ̀ láìṣiṣẹ́. Ohun tí kò ṣiṣẹ́ á rù. Ohun tí ẹ rí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ti àkókò, pátákò ń hù tó mìlímítà 6 sí 10 lóṣù. Láti ibi tí irun parí sí títí dé ilẹ̀ níwájú, oṣù 9 sí 12 ni. Ibi tí ìṣó ti bà jẹ́ yẹn kò ní san níbi tó wà. Ó máa hù wálẹ̀ ni, a ó sì máa gé e dànù díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló máa gbà, ẹ yáa wá ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí wọ́n bá máa yọ irin, ẹ dúró tì wọ́n kí ẹ máa wò. Orí ìṣó tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ pátákò ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú, kí wọ́n wá fa ìṣó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fi ẹ̀mú já gbogbo irin náà lẹ́ẹ̀kan, etí tó ti ya tẹ́lẹ̀ á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi fáìlì yí etí pátákò po kó má mú, kó má bàa ṣẹ́. Kí wọ́n dúró síbẹ̀! Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ họ àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí kó gé frog kó lè rí mọ́ tónítóní. Mìlímítà kan tí wọ́n bá họ lọ́jọ́ náà, òun gan-an ni Àdùkẹ́ máa wá lọ́jọ́ kejì.

Ẹ tún mọ èyí: òfin ọdún 1975 ló de iṣẹ́ wa ní England, Wales àti Scotland níbí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò gbọdọ̀ kan bàtà mọ́ ẹṣin. Àmọ́ òfin náà kò de ẹni tó ń gé pátákò ẹṣin tí kì í wọ irin. Ẹnikẹ́ni lè gbé fáìlì. Ẹ bi í níbi tó ti kọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì wo ẹṣin méjì mẹ́ta tó ń tọ́jú bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Ní Ìlọrin níbí, ọ̀pọ̀ ẹṣin tí à ń gùn nígbà Dúrbà ni kò mọ irin rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Orí ilẹ̀ gbígbẹ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ti dàgbà, ẹsẹ̀ wọn le. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má fi tiwa wé tiyín. Ẹṣin tí kò wọ irin rí, ọ̀tọ̀ ni. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ irin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Oúnjẹ wọn náà kò sì jọra. Harawa (ewé ẹ̀wà gbígbẹ) àti dúsà (èèrí ọkà) ni tiwa ń jẹ, wọ́n sì ń rìn púpọ̀. Wọn kì í dúró sínú pápá koríko tútù látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Òórùn tí ẹ sọ yẹn ló kọ mí lóminú. Lásìkò òjò a máa ń rí i gan-an. Ilẹ̀ á rọ̀, pátákò náà á rọ̀, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ inú ilé ẹṣin á wọ inú frog, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. À ń kó ìgbẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́, a sì máa ń da yanrìn gbígbẹ sí ibi tí wọ́n ń dúró sí. Ẹ má yọ irin kí ẹ tó wo ìyẹn sàn o.

Dókítà Ẹranko (Ìbàdàn)

Àbúrò mi ará Ìlọrin sọ ọ́ dáadáa. Frog tó ń jẹrà máa ń dun ẹṣin, ẹṣin tí gìgísẹ̀ ń dùn á máa fi orí pátákò kan ilẹ̀ kó lè gbà á sílẹ̀. Ẹ lè yọ irin lọ́nà tó dára jù láyé, bí gìgísẹ̀ bá ṣì ń dùn ún, kò ní lò ó, kò sì ní lágbára. Ẹ fọ inú ihò àárín frog yẹn, ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, ẹ fi povidone iodine (oògùn apakòkòrò) tí ẹ ti bu omi là sí i lójoojúmọ́ títí òórùn á fi lọ. Bí ihò náà bá jìn débi pé owú wọlé pòrò, ẹ jẹ́ kí dókítà yín wò ó.

Ìyá Àdùkẹ́, mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ ka èyí tó kù, torí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nípa irin. Irin kọ́ ló ń pinnu bóyá ẹṣin máa rìn dáadáa lẹ́sẹ̀ lásán. Ohun tó ń jẹ ni.

Cob ọmọ ọdún 14 lórí koríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn dókítà ẹranko èyíkéyìí ni laminitis, àìsàn tó ń mú kí ibi tí pátákò ti lẹ̀ mọ́ egungun wú, kó sì máa tú. Ó ní èyí tó le tí gbogbo ayé ń rí, tí ẹṣin á fà sẹ́yìn tí kò ní lè gbẹ́sẹ̀. Ó tún ní èyí tó fara sin, tí ẹṣin kàn ń rìn tìkọ̀tìkọ̀ lórí òkúta. Irin máa ń bo èyí tó fara sin yìí mọ́lẹ̀ torí ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá yọ irin ni àṣírí á tú, wọ́n á wá ní àìsí irin ló fà á.

Ẹ sọ fún dókítà yín kó ṣe mẹ́ta yìí kí ẹ tó yọ ohunkóhun. Kó yẹ insulin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, èròjà tó ń darí ṣúgà nínú ara, torí bó bá ga jù, ó lè fa laminitis. Kó yẹ ACTH náà wò, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ àìsàn Cushing tí òun náà lè fa laminitis, nítorí láti bí ọdún 15 lọ ni àìsàn yìí máa ń wọ́pọ̀, ẹ sì ti sún mọ́ ọn. Kó ya ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì ní X-ray láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lè mọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ti nípọn tó lábẹ́ egungun. Mìlímítà 15 dára. Bó bá rẹlẹ̀ sí 10, ẹ má jẹ́ kó tẹ òkúta láìsí ààbò.

Ní ti koríko: ní òru tí òtútù bá mú gan-an, tí oòrùn sì wá ràn, koríko ń ṣe ṣúgà ṣùgbọ́n kò lè fi hù, á wá kó o jọ sára. Ìgbà ìrúwé àti ìgbà tí ewé ń rẹ̀ ló léwu jù. Ẹ dín pápá kù, ẹ fún un ní koríko gbígbẹ tí ẹ ti rẹ sínú omi, kí ẹ da omi náà nù. Ẹ wọn koríko náà kí ẹ tó rẹ ẹ́: ẹṣin oníkílò 500 tó sanra, kílò 7.5 lójúmọ́ tó o. Ẹ má fi ebi pa á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rá á wọ inú ẹ̀jẹ̀ cob tí ebi bá pa, ìyẹn sì ń pa wọ́n. Oúnjẹ inú àpò, ẹ ka ara àpò náà: ṣúgà àti sítáàṣì pa pọ̀ kò gbọdọ̀ ju 10% lọ.

Ẹ kọ́ bí a ṣe ń wá ìlù ẹ̀jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìka méjì sí ẹ̀yìn ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí iṣan ti gba abẹ́ awọ kọjá. Lára ẹṣin tí ara rẹ̀ dá, ẹ máa wá a fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó rí i, fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ló ń lù. Ẹ máa ṣe é láràárọ̀ kí ọwọ́ yín lè mọ bó ṣe yẹ kó rí. Lọ́jọ́ tó bá ń lù kìkì mọ́ yín níka láìjẹ́ pé ẹ wá a, tí pátákò náà sì gbóná, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró di ọ̀la.

Fúnmi_Leeds

Mo ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ̀yin àgbà, a dúpẹ́.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Ẹ kú ìjíròrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ó má jẹ́ pé ẹnu kan ni gbogbo wa ń fọ̀.

Ìdílé wa máa ń gẹṣin ní Ojúde Ọba lọ́dọọdún. Ẹṣin wa wọ irin. Ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀mọ̀ràn wá bá wa, ó ní irin jẹ́ ìwà ìkà, ó ní kí a yọ ọ́ kí ẹṣin padà sí bí Ọlọ́run ṣe dá a. A gbà fún un. Ó yọ ọ́, ó fi ọ̀bẹ họ abẹ́ rẹ̀ títí ó fi funfun, ó gba owó rẹ̀, ó lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ló ní kí a máa mú un rìn lórí ọ̀dà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le. Kí Iléyá tó dé, ẹṣin yẹn kò lè gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí ipò kàn láti gùn ún lọ́dún náà yá ẹṣin ẹlẹ́ṣin gùn níwájú Awùjalẹ̀. Ó dùn wá wọra.

Mi ò ní irin ni kí gbogbo ẹṣin wọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó sọ ọ́ di ẹ̀sìn. Bí ẹṣin bá ń tiro, wọ́n á ní kí ẹ fara dà á, ó máa kọjá. Ta ló ń jẹ̀rora ọ̀hún? Ṣé àwọn ni?

Alágbẹ̀dẹ Yorkshire

Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Mo gbà pẹ̀lú yín láìyọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Ẹṣin tó ń tiro kò sí lójú ọ̀nà ìwòsàn, ó ń jẹ̀rora ni, ẹ dáwọ́ ohun tí ẹ ń ṣe dúró kí ẹ wá ìdí rẹ̀.

Ohun méjèèjì tí ẹni yẹn ṣe ló burú. Ó họ àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì kó o lọ sórí ọ̀dà láìsí àkókò. Ọ̀dà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ó tẹ́jú, kò gún ẹsẹ̀, ó sì ń mú pátákò le bí ẹṣin bá ti ṣetán tó sì ń fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń jẹ pátákò. Ohun tí a ó máa wò ni èyí: ṣé ohun tó ń hù pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀ ń jẹ? Ẹṣin ọlọ́pàá tó ń rìn lórí títì látàárọ̀ dalẹ́, ilẹ̀ lè borí rẹ̀. Ẹṣin tó ń fò lórí koríko tútù nínú ìdíje, ó lè nílò irin tó ní èékánná kó má bàa yọ̀. Irin ni mo máa kàn fún irú wọn, ọkàn mi á sì balẹ̀.

Pólò Ìkòyí

Mo ti ń tọ́jú ẹṣin pólò tipẹ́. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yìí jẹ́ iṣẹ́ ọdọọdún. Bí ìdíje bá ti parí, tí ẹṣin fẹ́ sinmi, à ń bọ́ irin kúrò lẹ́sẹ̀ wọn, a tú wọn sí pápá, a óò sì kàn án padà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rí i pé pátákò tó ti sinmi lọ́wọ́ ìṣó máa ń dì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àmọ́ kì í ṣe bákan náà ló ń rí fún gbogbo wọn. Ẹṣin ìbílẹ̀ tó ti òkè Ọya wá, ọjọ́ kejì ó ti ń sáré. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Thoroughbred, irú ẹṣin tí wọ́n fi ń sáré ìje, pọ̀ lára wọn, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń fẹ́lẹ́, wọ́n á máa yan ibi tí wọ́n máa tẹ̀. Ẹni tó ti ń wọ bàtà láti kékeré, bí ẹ bá bọ́ ọ lójijì kí ẹ ní kó máa rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́, bó ṣe máa rìn nìyẹn. Irú wọn, a kì í lé wọn. À ń fi okùn fà wọ́n rìn lórí ilẹ̀ tó rọ̀, a kúrò níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tó dì, ẹ̀yìn ìyẹn la tó mú wọn lọ sórí yanrìn tó ní òkúta kéékèèké. Bí wọ́n bá ti ń rìn gbẹdẹmukẹ lórí ọ̀kan la tó ń kọjá sí èkejì.

Ìyá Àdùkẹ́, bí ẹ bá ní àyè, ẹ da òkúta róbótó kéékèèké sí ibi tó ń dúró sí jù, lẹ́nu ọ̀nà tàbí níbi omi rẹ̀. Kì í ṣe ọgbọ́n tuntun. Xenophon, ọ̀gágun Gíríìkì ayé ijọ́un, ti gba ẹlẹ́ṣin nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lé ní ọdún 2,300 sẹ́yìn, nígbà tí wọn kò tíì máa kan irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹṣin rárá. Àmọ́ kó jẹ́ òkúta róbótó o, kì í ṣe flint yín yẹn.

Ẹlẹ́ṣin Texas

Ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi. Mo fẹ́ fi bàtà rọ́bà kún un, torí òun ló gbà wá là níbí. Bàtà àfiwọ̀ ni, ẹ ń wọ̀ ọ́ fún ẹṣin bí ẹ bá fẹ́ jáde, ẹ ń bọ́ ọ bí ẹ bá dé. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹṣin á máa rìn dáadáa, á máa fi gìgísẹ̀ kanlẹ̀, ìrìn yẹn gan-an ló sì ń kọ́ ẹ̀yìn pátákò. Ẹṣin tó dúró sójú kan nítorí ìrora kì í hu pátákò tó dára.

Ẹ má rà á lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé pátákò náà tán, kí ẹ wọn fífẹ̀ àti gígùn rẹ̀ ní mìlímítà, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí òsì àti ọ̀tún kì í sábà dọ́gba. Bó bá fẹ̀ jù, yóò máa yí. Bó bá há, yóò bó o lẹ́yìn gìgísẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé pátákò náà máa yí padà bó ti ń hù, bàtà àkọ́kọ́ lè má bá a mu mọ́ kí ọdún tó yípo. Ẹ ra àlòkù bí ẹ bá rí i. Ẹ má sì fi sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́jú, ooru inú rẹ̀ ni ìjẹrà frog ń wá.

Ẹ máa fi fóònù yín ya fídíò ìrìn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Kí ẹnìkan mú un kọjá, kí ẹ̀yin kúnlẹ̀, kí fóònù sún mọ́ ilẹ̀. Ẹ wá wò ó ní ìfàlẹ̀ (slow motion). Ojú lásán kì í rí i, ṣùgbọ́n nínú fídíò ẹ máa rí apá ibi tí ó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, bóyá iwájú pátákò ni tàbí gìgísẹ̀. Ẹ máa tọ́jú fídíò oṣooṣù pamọ́.

Ní ti fítámì àti mínírà: kọ́pà àti síǹkì ló sábà máa ń ṣaláìtó nínú koríko, èròjà irin (iron) tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ sì lè dí wọn lọ́wọ́. Biotin, ọ̀kan nínú àwọn fítámì B, náà ń ṣiṣẹ́. Wọ́n dán an wò lára àwọn ẹṣin Lipizzaner, mílígíráàmù 20 lójúmọ́, pátákò wọn sì dára sí i, àmọ́ ó tó bí oṣù 9 kí ó tó hàn. Ẹ fi ọkàn yín balẹ̀ bó bá pẹ́.

Bàbá Ìjẹ̀bú, ẹ̀rí kan rèé fún tọ̀tún-tòsì. Ní Òlíńpíìkì Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, Sweden ló gba góòlù ẹgbẹ́ nínú eré fífi ẹṣin fo ìdínà. All In tí Peder Fredricson gùn àti King Edward tí Henrik von Eckermann gùn kò wọ irin. Ẹṣin kẹta wọn, Indiana, wọ tirẹ̀. Ohun tó yẹ ẹṣin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe fún un.

Bàbá Ìjẹ̀bú

Èyí yé mi, mo sì gbà á. Ẹ ṣé, ọmọ mi.

ÌyáÀdùkẹ́ (Kent)

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bù kún un yín. Ojú mi ti là.

Dókítà ti wá. Cushing kò sí, àmọ́ insulin rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ. Àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú méjèèjì jẹ́ mìlímítà 11. Ó wú mi lórí pé ẹ ti sọ gbogbo rẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Mo ti mú un kúrò ní pápá ńlá, koríko gbígbẹ tí mo rẹ ló ń jẹ báyìí, ó sì ń bínú sí mi gidigidi. Òórùn frog ti lọ.

Alágbẹ̀dẹ wa ní òun ò ní í yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa pọ̀. Ó ní kí a kọ́kọ́ yọ ti ẹ̀yìn, kí iwájú ṣì wọ irin títí insulin á fi wálẹ̀. Ṣé ọ̀nà tó dára nìyẹn? Ìgbà wo sì ni mo lè gùn ún?

Alágbẹ̀dẹ Yorkshire

Ó dára gan-an, Mà, ẹni tó mọ iṣẹ́ ni. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń ru bí 60% ìwúwo ẹṣin, ibẹ̀ náà ni laminitis ti máa ń kọ́kọ́ yọjú. Ti ẹ̀yìn kì í sábà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bí insulin bá ti wálẹ̀, kí ẹ yọ ti iwájú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, kí bàtà rọ́bà sì ti wà nítòsí.

Gígùn kò ní ọjọ́ kan pàtó. Bó bá ń rìn láìfòyà lórí ilẹ̀ tó dì láìsí ẹni lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè gùn ún níbẹ̀. Bó bá ń tẹ orí ba, tó ń wá koríko ẹ̀bá ọ̀nà tẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wọ bàtà fún un. Kí wọ́n máa gé e ní ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 síra, díẹ̀díẹ̀. Gígé ńlá lẹ́ẹ̀kan kò dára.

Ọmọ Ìlọrin

Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Mo gbọ́ pé ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ irin rẹ̀ máa ń ní oówo nínú pátákò. Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí laminitis?

Dókítà Ẹranko (Ìbàdàn)

Ìbéèrè tó dára. Oówo sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì máa ń wá lójijì. Ẹṣin tó rìn dáadáa lánàá, láàárọ̀ yìí kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ẹ lè rò pé egungun ló ṣẹ́. Laminitis sábà máa ń mú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, ẹṣin á gbé ara sẹ́yìn, á kọ̀ láti yí ara padà. Ìlù ẹ̀jẹ̀ á le nínú àìsàn méjèèjì, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn nìkan dájọ́. Kí dókítà tàbí alágbẹ̀dẹ wá ojú oówo náà kó là á kékeré kí ọyún rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí ẹ ti da iyọ̀ Epsom sí rẹ ẹ́, ẹ dì í kí ìdọ̀tí má wọlé, kí ẹ sì rí i dájú pé abẹ́rẹ́ àjẹsára tetanus rẹ̀ kò tíì kọjá àkókò. Ẹ má fi ọ̀bẹ wá a fúnra yín.

ÌyáÀdùkẹ́ (Kent)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ yín ti ń béèrè wa, ẹ dákun ẹ má bínú pé mo pẹ́.

Insulin wálẹ̀, a sì yọ irin iwájú nígbà òtútù bí ẹ ti wí. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí òkúta ẹnu ọ̀nà, nínú pápá kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Ní báyìí, bí ẹ bá wo pátákò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ẹ máa rí ìlà kan tó yí i po. Èyí tó hù lókè ìlà náà láti ìgbà tí oúnjẹ ti yí padà dúró ṣánṣán, ó sì dì. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ṣì tẹ̀ síta, ihò ìṣó tó kù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀. Frog rẹ̀ ti fẹ̀, ó le bíi ti ẹṣin tí ń ṣiṣẹ́. Nínú fídíò àkọ́kọ́, iwájú pátákò ló fi ń kanlẹ̀. Nínú èyí tí mo yà lọ́sẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ òsì ti ń fi gìgísẹ̀ kàn án, ọ̀tún ń fi gbogbo abẹ́ rẹ̀ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà.

X-ray tuntun: mìlímítà 14 lósì, 13 lọ́tùn-ún.

Fúnmi_Leeds

Ẹ kú oríire, Mà! Ṣé ẹ ti ń gùn ún lọ sínú flint láìsí bàtà?

ÌyáÀdùkẹ́ (Kent)

Rárá o. Lórí ọ̀dà àti nínú igbó, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Bí a bá máa gba ọ̀nà olókúta, mo máa ń wọ bàtà rọ́bà fún iwájú méjèèjì kí n tó gùn ún, ti ẹ̀yìn kò nílò rẹ̀. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, mo máa tún dá a padà sí pápá kékeré kí koríko tó yọ, dókítà á sì tún yẹ insulin rẹ̀ wò. Fúnmi, bí ìwọ náà bá fẹ́ yọ ti ẹṣin rẹ, kọ iye ọdún rẹ̀ àti ohun tó ń jẹ síbí, kí o sì ya abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún wa.